Ẹ Má Tíì Gbé e Sọnù: Ìbéèrè Yín Lórí Òdòdó Àfòpiná

Láti ìgbà tí ọjọ́ àwọn ìyá ti kọjá lóṣù kẹta ni lẹ́tà yín ti ń wọlé, èmi náà sì ń kó wọn jọ sínú páálí bàtà kan lábẹ́ tábìlì. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nílé gbogbo yín. Ọmọ ra ọ́kíìdì fún màmá, wọ́n fi bébà dídán wé e, òdòdó mẹ́sàn-án wà lórí ọ̀pá kan, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù karùn-ún, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, ewé nìkan ló kù. Ẹ wá ń wò ó bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò dìde.

Mi ò dá yín lóhùn nígbà náà nítorí pé kò sí nǹkan gidi tí ẹ fẹ́ ṣe sí i lóṣù keje ju pé kí ẹ fún un lómi. Ìsinsìnyí ni àkókò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ, torí ẹni méjì ló ti bi mí ìdí tí mo fi ń pè é ní òdòdó àfòpiná. Phalaenopsis ni orúkọ tí ọ̀mọ̀wé Blume fún ìdílé rẹ̀ ní 1825. Èdè Gíríìkì ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ohun tó jọ àfòpiná. Ẹ wo èyí tó funfun lálẹ́ nígbà tí iná bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò parọ́. Mẹ́ta ni tèmi, wọ́n wà lójú fèrèsé kíṣínì mi ní Lewisham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn, òdòdó ni mo sì máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ kí n tó lọ sùn.

*

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òdòdó tí àwọn ọmọ mi rà fún mi ti já dànù tán. Ọ̀pá rẹ̀ kò tíì gbẹ, àwọ̀ ewé ló ṣì ní, ṣùgbọ́n bàbá wọn ní kí n gbé e sọnù, pé ó ti kú. Ṣé kí n gé ọ̀pá yẹn ni àbí kí n fi í sílẹ̀? Ìyá Ìbejì, Manchester.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí bàbá wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé èmi náà ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe yìí rí. Ní 2004, ẹbí aláìsàn kan gbé ọ́kíìdì funfun kan wá fún àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, èmi ni mo sì gbé e lọ sílé nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Mo gbé e sínú ìkòkò pupa kan tí ẹnu rẹ̀ sán, tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Nígbà tí òdòdó rẹ̀ já tán, mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìdọ̀tí ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, mo sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo gbójú sókè, mo rí òdòdó funfun lórí ọ̀pá méjì lójú fèrèsé àjà kejì. Mo wò ó dáadáa. Ìkòkò pupa ni, ẹnu rẹ̀ sán. Mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa lọ, mo gun òkè, mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan, ará Jàmáíkà, ló ṣí i. Mo ní ìkòkò mi ló wà lójú fèrèsé wọn yẹn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo jù ú nù?” Wọn ò dá a padà fún mi o. Tíì ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú kéèkì aláta ilẹ̀, gbogbo ohun tí mo sì mọ̀ nípa ọ́kíìdì fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ọ̀pá yín. Ẹ ka ewé rẹ̀ kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí. Bí ewé bá tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì le dáadáa, ẹ lè gé ọ̀pá náà lókè díẹ̀ sí oríkèé kejì tàbí ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí àwọn oríkèé náà, bíi ti ìrèké ni wọ́n rí, awọ pẹlẹbẹ kékeré kan bò wọ́n bí èékánná. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ̀ka tuntun lè yọ níbẹ̀. Mo ní ó lè yọ o. Òdòdó tó bá gba ibẹ̀ jáde máa ń kéré, kì í sì í pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ewé méjì tàbí mẹ́ta péré ló kù, tí wọ́n rọ bí etí ewúrẹ́, ẹ gé ọ̀pá náà sún mọ́ ìdí, kí igi lè fi agbára tó kù fún un hu ewé. Èmi o, ìdí ni mo máa ń gé gbogbo tèmi sí, ewé ì báà pọ̀ kó má pọ̀. Ẹni tó ti dúró fi oṣù mẹ́ta tanná, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ fi sípírítì nu àlùmọ́gàjí kó tó kan igi, nítorí àrùn máa ń bá oje igi kan lọ sára òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí mo tìtorí rẹ̀ di lẹ́tà yín mú di oṣù yìí. Ara tó tutù díẹ̀ ló ń sọ fún òdòdó yìí pé kó yọ ọ̀pá mìíràn. Kì í ṣe òtútù yìnyín, kì í sì í ṣe pé kí ẹ gbé e síta. Ẹ wá yàrá kan tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, tí ẹ kì í tan hítà sí púpọ̀, tí ọ̀sán rẹ̀ kò kọjá dígírì 20 sí 22, tí òru rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 16 sí 18. Yàrá àlejò dára gan-an. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ni mo fẹ́ràn jù. Kí ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ewé rẹ̀ má fara kan gíláàsì lóru.

Ẹ máa wo ewé náà. Bó bá ń dúdú jù, tó wá rí bí ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó gbó, ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Bí etí rẹ̀ bá ń pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí nǹkan kékeré tó ń yọ láàárín ewé. Ẹ má yọ̀ kánkán. Tí orí rẹ̀ bá rí roboto, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, gbòǹgbò ni. Tí orí rẹ̀ bá pẹlẹbẹ díẹ̀, tó rí bí ọwọ́ ọmọ tuntun tó di ẹ̀ṣẹ́, ọ̀pá òdòdó ni, ẹ lè wá pe bàbá wọn kí wọ́n wá wò ó. Láti ìgbà yẹn ẹ má yí ìkòkò náà kiri mọ́, torí ọ̀pá máa ń tẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, bí ẹ bá sì ń yí i, á di wíwọ́ bí ọ̀nà oko. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tì í lẹ́yìn. Èyí tó bá yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oṣù kejì ni èmi máa ń rí òdòdó rẹ̀.

*

“Ẹ káàsán ma. Ó di ọdún méjì tí ọ̀rẹ́ mi gbé ọ́kíìdì wá fún mi láti Èkó. Ewé rẹ̀ ti di méje, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò tanná rárá. Mo kà á nínú abala yín níbí pé tútù òru ló ń fẹ́, ni mo bá ń gbé e wọ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà lálaalẹ́. Owó iná fẹ́ẹ̀ pa mí. Kí ni mo ṣì ṣe? Ẹni tí iná ń jẹ lówó, Bódìjà, Ìbàdàn.”

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ sì dárí jì mí. Èmi gan-an ni mo ṣì í. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ọ́ síbí pé òru ni ó gbọ́dọ̀ tutù, torí pé bí àwọn tó ṣáájú mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé níbí, níbi tí òru bá ti tutù, ọ̀sán ibẹ̀ náà máa ń tutù. Mi ò ronú débẹ̀. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan State tẹ ìwádìí kan jáde tó ya ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára òru. Wọ́n fi àwọn igi kan sínú ooru dígírì 29 lọ́sàn-án, wọ́n jẹ́ kí òru wọn tutù: èyí tó yọ ọ̀pá nínú wọn kò tó nǹkan. Àwọn tí ọ̀sán wọn wà ní 23 tàbí kó dín ló yọ ọ̀pá dáadáa. Ọ̀sán ló ni ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo Ìbàdàn. Lóṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀sán yín ń lọ sí dígírì 34. Ẹ fi gbogbo òru tu igi náà nínú, ilẹ̀ mọ́, oòrùn sì tú gbogbo ohun tí ẹ ṣe ká. Ìdí tí ewé rẹ̀ fi pọ̀ tó sì ń dán gan-an nìyẹn: ooru dùn mọ́ ọn, ewé ló ń fi í hu. Kódà, ọgbọ́n yìí ni àwọn tó ń gbìn ín tà ní Netherlands àti Taiwan fi ń ṣòwò. Wọ́n á tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi nínú ooru kí ìkankan má bàa yọ òdòdó, nígbà tí ọjọ́ ọjà bá sún mọ́lé, wọ́n á tu ilé náà, gbogbo wọn á sì tanná pọ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ ẹbí.

Ẹ ò sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún mi. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọ kádígàn lọ́sàn-án ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ gbé òdòdó yín lọ síbi iṣẹ́. Ẹ gbé e sítòsí fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta lù ú, kí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù má sì fẹ́ lù ú tààrà. Láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin, ilé iṣẹ́ yín á máa san owó iná rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ẹ fojú sí oṣù keje sí ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò àti ìkùukùu bo oòrùn, tí ọ̀sán Ìbàdàn ń wà ní nǹkan bíi 27. Ìgbà yẹn ló sún mọ́ ohun tó ń fẹ́ jù lọ, tí ẹ bá gbé e síbi tó ní òjìji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kì í ṣe ìgbà ọyẹ́ o! Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ọyẹ́ ló yẹ kó bá a lára mu nítorí òtútù ìdájí. Ọ̀sán ọyẹ́ gbóná, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbẹ débi pé ó lè fa gbogbo omi inú ewé jáde. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi í pamọ́ sínú ilé, kí ẹ sì máa fún un lómi lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ kò sọ: inú kí ló wà? Bó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ ni, ẹ yọ ọ́ lónìí. Èèpo igi tí a ń lò níbí wọ́n díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ohun tó dára bíi rẹ̀: àpáàdì tí a fọ́ wẹ́wẹ́, èédú, àti èèpo àgbọn tí a ti rẹ sómi tí a sì fọ̀ dáadáa. Ẹ pò wọ́n pọ̀. Kí omi gba inú rẹ̀ kọjá kíá, kí afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn.

Bó bá sì sú yín, ilẹ̀ wa ní ọ́kíìdì tirẹ̀ tí kì í bá ooru jà. Ansellia africana máa ń jókòó sórí ọ̀pẹ àti àwọn igi ńlá, òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti gbó, àmì rẹ̀ rí bíi tara àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ má lọ já a nínú igbó o, ó ti ń dín kù. Ọwọ́ ẹni tó ń gbìn ín ni kí ẹ ti wá a.

*

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Iléṣà. Wọ́n rí gbòǹgbò tó ń yọ jáde lára ọ́kíìdì wa bí ìka àgbàlagbà, wọ́n ní àfòmọ́ ni, kò yẹ kó wà nínú ilé, pé kí n gé gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń fi yìnyín mẹ́ta láti inú fíríìjì bomi rin ín lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n kọ sára bébà rẹ̀ nìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bàbá Tòmíwá, Croydon.”

Bàbá Tòmíwá, ẹ kọ́kọ́ bá mi kí màmá, kí ẹ ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà ẹgbẹ́ wọn ló kí wọn. Wọn ò ṣì sọ o. Ohun tí wọ́n rí jọ ohun tí wọ́n mọ̀. Nínú oko kòkó bàbá mi, àdá la fi ń gé àfòmọ́ kúrò lórí igi, àwa ọmọ la máa ń ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀. Àfòmọ́ á ki ẹnu bọ inú ẹ̀ka igi, á máa mu oje rẹ̀, ẹ̀ka náà á sì kú. Ìdí tí àwọn àgbà fi ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ìbátan rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ́kíìdì ti yàtọ̀ gan-an ni gbòǹgbò tí màmá fẹ́ gé yìí. Òdòdó àfòpiná náà ń gbé lórí igi nínú igbó rẹ̀, ní Indonesia, Philippines àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká. Àwọn ará Indonesia fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ní 1993 wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn, Phalaenopsis amabilis, ṣe ọ̀kan lára òdòdó orílẹ̀-èdè wọn. Ṣùgbọ́n ó kàn ń jókòó sórí igi ni, kò jẹ ẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ di èèpo igi mú, ó ń mu òjò àti ìrì tó bá ṣàn kọjá. Ohun funfun tó bo gbòǹgbò náà dà bíi kànrìnkàn: ó ń fa omi mu kíá, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi han màmá. Ẹ wọ́n omi sí gbòǹgbò tó funfun bí eérú, kí ẹ ka ogún, ẹ ó rí i tó ń di àwọ̀ ewé lójú yín. Kò sí àfòmọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá yọ síta ìkòkò, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ti rọ̀, tó ṣófo nínú nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìyẹn nìkan ni kí ẹ gé.

Àwọ̀ yẹn náà ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ bomi rin ín, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kó wà nínú ike tí a ń rí inú rẹ̀. Gbòǹgbò inú ike ṣì ní àwọ̀ ewé? Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti funfun bí eérú? Ẹ gbé e lọ sínú síǹkì, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ jẹ́ kó ro tán pátápátá, kí ẹ tó dá a padà. Nílé mi, ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni nígbà òtútù, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ń fi ìdí ìkòkò sínú àwo omi títí ń pa á ni. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró ní àárín ewé, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, tí ó bá débẹ̀, ẹ fi tíṣù fà á. Ọ̀kan lára tèmi kú báyẹn ní àárọ̀ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé tí oorun ń kùn mí, mo da omi lé e lórí, mo sì lọ sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo fọwọ́ kan ewé àárín, ó sì tẹ̀ lé ọwọ́ mi jáde.

Ní ti yìnyín, ẹ má bá ìyàwó yín jà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ohio State àti ti Georgia dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017: fún ọ́kíìdì tó wà nínú èèpo igi, yìnyín kò dín ọjọ́ òdòdó rẹ̀ kù. Ó kàn jẹ́ òṣùwọ̀n ni, kí ènìyàn má bàa da omi lé e lórí jù. Ọwọ́ mi ni kò lè ṣe é. Ohun tí igbó Indonesia bí, kí ni mo fẹ́ fi yìnyín sí i lẹ́sẹ̀ ṣe? Yìnyín mẹ́ta kì í sì í fọ iyọ̀ ajílẹ̀ kúrò nínú ìkòkò bí omi síǹkì ti ń ṣe. Ajílẹ̀ tí ẹ bá ń fún un, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ sí omi, ìyẹn tó.

*

“Aǹtí, ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? Mo ra ọ́kíìdì aláwọ̀ búlúù nílé ìtajà kan, mo tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan, ó tanná padà, funfun báláú! Tóyọ̀sí, Houston.”

Ọmọ mi, o kú oríire! O mú ọ́kíìdì tanná padà, ìwọ sì ń ka ẹ̀sùn. Aró ni wọ́n rẹ ẹ́. Wọ́n lu ọ̀pá rẹ̀ nígbà tó ń rúdí, wọ́n sì fa aró sínú rẹ̀. Bó o bá wo ọ̀pá ti àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, o máa rí ojú abẹ́rẹ́. Funfun ni ìyá rẹ̀ bí i, funfun ni yóò sì máa jẹ́.

*

“Ẹ kú iṣẹ́ ma. Tèmi yọ ọ̀pá o, ó rúdí méje. Kí ìkankan tó là, gbogbo wọn pọ́n, wọ́n sì já bọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Orí fíríìjì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Dámi, Peckham.”

Ìyá Dámi, ẹ ti dá ara yín lóhùn, ẹ kò kàn mọ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pọ́n kíá kí ẹ fi dín dòdò, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń fi ọ̀kan tó ti pọ́n sáàárín àwọn tó dúdú, kí ẹ di ẹnu báàgì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan ló ń jáde lára èyí tó pọ́n, ethylene ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún àwọn yòókù pé àkókò ti tó. Afẹ́fẹ́ náà ló dé ọ̀dọ̀ ìrúdí yín, ó sọ fún wọn pé wọ́n ti dàgbà tán, wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì já bọ́. Ápù náà máa ń ṣe é. Ẹ gbé òdòdó yín kúrò ní kíṣínì, tàbí kí ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò.

(Kíṣínì ni tèmi wà, mo mọ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀nà ìta ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi ń gbé.)

Bí kì í bá ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀, ooru hítà tó ń fẹ́ lù ú tàbí atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ni. Gbígbé e láti yàrá dé yàrá nígbà tó ti rúdí náà máa ń bí i nínú.

*

“Màmá, nǹkan kan ń yọ lórí ọ̀pá òdòdó mi tí kì í ṣe òdòdó. Ó ní ewé kékeré méjì. Ṣé àìsàn ni? Akọ̀wé, Leeds.”

Ọmọ ló bí. Kódà, ohun tí àwọn olùtọ́jú ọ́kíìdì ń pè é káàkiri ayé ni keiki, èdè àwọn ará Hawaii ni, ọmọ náà ló sì túmọ̀ sí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní oríkèé ọ̀pá, nígbà mìíràn nítorí pé ibẹ̀ gbóná, nígbà mìíràn sì rèé, ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kú tó ń fi àrólé sílẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ àárín ewé ìyá wò bóyá kò ń jẹrà.

Ẹ má tíì já a. Kì í ṣe ọmọ tí à ń sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ kó wà lára ìyá rẹ̀ títí gbòǹgbò tirẹ̀ á fi gùn tó ìka ọwọ́ kan, kí ó tó méjì tàbí mẹ́ta, kí ewé rẹ̀ náà sì tó mẹ́ta. Ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ máa fi omi wọ́n gbòǹgbò rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó bá tó, ẹ gé ọ̀pá náà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó kù bí orí ìka lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sínú ife ike kékeré pẹ̀lú èèpo igi wẹ́wẹ́. Ìkòkò ńlá kò dára fún un, omi á dúró sínú rẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó tanná.

Nígbà tí ìyá àgbà ará Jàmáíkà yẹn ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Birmingham, wọ́n gbé ìkòkò pupa náà dání, wọn ò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kan ilẹ̀kùn mi lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ife ike kan wà lọ́wọ́ wọn, ewé mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó wà lójú fèrèsé mi, èyí tó wà láàárín ni. Mo gbé e kúrò ní kíṣínì lánàá, ó ti wà ní yàrá àlejò báyìí.